Ìdáhùn Nímọ́tà sí Ìbéèrè Kẹrìnlá

Ẹ ṣé, ẹ jókòó. Kí ẹni tó ń kì mí náà sinmi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, dókítà sì ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi kò ní bá mi dé ọdún tó ń bọ̀. Bí mo bá gbé e wọ sàárè, ìkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo ṣe yẹn. Èmi Akíntóyè, ọmọ Oǹdó, tí ẹ ránṣẹ́ pè wá sí gbọ̀ngàn yìí l'Ákùúrẹ́ kí ẹ lè yẹ́ mi sí pé mo kọ́ yín ní Yorùbá dáadáa, mo ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Nígbà tí mo wọlé, àwọn kan nínú yín ń ka òfin tí mo kọ́ yín: bí wọ́n bá bi yín nínú àkàyé pé kí ni olórí èròǹgbà òǹkọ̀wé, ẹ wá èyí tó bá ní “láti kọ́ wa” nínú, ẹ mú un, ẹ máa lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé òfin yẹn gba máàkì fún yín. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe máa ń ṣe é, pé bí a bá ti ka ìtàn tán ní kíláàsì, ohun tí tíṣà máa kọ́kọ́ béèrè ni ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ wa, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé nítorí nǹkan mìíràn láyé. Ẹ̀yìn àṣà yẹn ni mo sá sí. Ẹ yé rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tó ti dàgbà nígbà náà rántí ọdún 1995. Sọ́jà ló ń ṣèjọba, gbogbo nǹkan le koko, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ sókè, wọ́n á wá a wálé. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Oǹdó ló ń gbé. Wọ́n kéde pé kí gbogbo àwọn tó ti fẹ̀yìn tì wá sí ọ́fíìsì kan l'Ákùúrẹ́ wá fi ojú ara wọn hàn, kí ìjọba lè mọ̀ pé wọn kò tíì kú. Èmi ni mo mú un wá. Aago méje àárọ̀ la dé ibẹ̀, nígbà tó fi di aago méjì ọ̀sán, a ṣì wà lórí ìlà nínú oòrùn. Àga mẹ́fà wà lẹ́yìn akọ̀wé tó ń kọ orúkọ, lábẹ́ fáànù, kò sẹ́ni tó jókòó lórí ọ̀kankan. Mo bẹ akọ̀wé náà pé kó jẹ́ kí bàbá mi fi ìdí lé ọ̀kan. Ó ní àga àwọn ọ̀gá ni. Bàbá mi ṣubú lulẹ̀ kó tó kàn án, kò sì dìde mọ́. Ohun tí akọ̀wé náà bi mí ni bóyá bàbá ti fọwọ́ síwèé.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní kí n wá ṣètò ìbéèrè Yorùbá fún ìdánwò ẹgbẹ́ aláàánú kan tó máa ń rán ọmọ kan ṣoṣo lọ́dọọdún níwèé, láti girama títí dé yunifásítì. Mo jókòó, mo kọ ikú bàbá mi sílẹ̀, mo fi ṣe àyọkà. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo kọ wákàtí méje, mo sì kọ àga mẹ́fà. Tìbínútìbínú ni mo fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Alàgbà Bọ́láwálé, alága ìgbìmọ̀ ìdánwò náà, ọ̀gá àgbà ni lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó bi mí pé kí ni mo ní lọ́kàn tí mo fi kọ irú èyí. Mo ní, “Ó ń kọ́ wa ní sùúrù ni, sà.” Ó ní ìyẹn dára, kí n fi ṣe ìdáhùn. Báyìí ni mo ṣe sọ ikú bàbá tó bí mi di ẹ̀kọ́ sùúrù. Ìbéèrè kẹrìnlá: kí ni olórí èròǹgbà òǹkọ̀wé? Ìdáhùn A ni “láti kọ́ wa ní sùúrù.” Ìdáhùn E ni “láti fi ẹ̀sùn kan àwọn tó fìyà jẹ bàbá náà.” Ọwọ́ mi kò gbà kí n má kọ E síbẹ̀, ṣùgbọ́n A ni mo kọ sínú ìwé ìdáhùn. Ojo ènìyàn ni mí.

Ọmọ méjì ló ṣe dáadáa jù. Ọ̀kan ni Bísọ́dún, ọmọ kíláàsì mi. Èkejì ni Nímọ́tà Adébùsóyè, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá láti Ìta-Ògbólú. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́, gbogbo wa nínú ìgbìmọ̀ la sì mọ̀ pé bí kò bá rí ipò yìí gbà, ìwé parí fún un nìyẹn. Máàkì kan ni Bísọ́dún fi jù ú lọ, ìbéèrè kẹrìnlá ni. Bísọ́dún mú A bí mo ṣe kọ́ ọ. Nímọ́tà mú E.

Ẹgbẹ́ náà fàyè gba ọmọ tí èsì rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn kó wá ro ẹjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ wo ló máa láyà bẹ́ẹ̀? Nímọ́tà wá, òun àti ìyá rẹ̀. Inú gbọ̀ngàn yìí ni, ibi tí ẹ jókòó sí yẹn ló dúró sí. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, inú ń bí ẹni tó kọ ọ́. Ó ka wákàtí tí bàbá náà fi dúró. Ó ka àga tó ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ wa ní sùúrù kò ní máa ka àga.” Ó wá ní bí ẹni tó kọ ọ́ bá wà láyé, kí àwọn àgbà bá òun bi í. Alàgbà Bọ́láwálé yíjú sí mi. Òun nìkan ló mọ̀ pé èmi ni. Mo ní, “Òǹkọ̀wé náà ti kú.”

Ì bá sàn ká ní ibẹ̀ ni mo dúró. Ìyáàfin Modúpẹ́, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó wà nínú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú wa, ní ọ̀rọ̀ ọmọ yìí mọ́gbọ́n dání, kí a tún àyọkà náà kà. Ìbẹ̀rù mú mi. Bí wọ́n bá tún un kà, wọ́n á béèrè ta ló kọ ọ́. Alàgbà Bọ́láwálé wá sọ pé ó ya òun lẹ́nu bí ọmọ oko ṣe mọ tó báyìí, àfi bí ẹnìkan bá ti fi ìbéèrè hàn án. Kò bi mí léèrè o. Èmi ni mo la ẹnu ara mi, tí mo ní, “Mo rí i nídìí tábìlì mi lọ́jọ́ tí wọ́n wá gba nọ́ńbà ìdánwò.” Irọ́ ni. N kò rí ọmọ náà rí kó tó di ọjọ́ yẹn.

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i, ó fi èdè Ìta-Ògbólú bi í bóyá òótọ́ ni. Ọmọ náà ní rárá. Obìnrin náà wò ó, ó wá wo èmi tíṣà tí mo wọ táì. Èmi ló gbà gbọ́. Ó fọ́ ọmọ rẹ̀ létí níwájú gbogbo wa, ó sì kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọlọ́pàá gbọ́. Mo ní kó dìde, mo sì ṣe àdúrà fún wọn. Ẹ gbọ́ o, mo ṣe àdúrà! Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́, wọ́n lé e, kò sì padà sí kíláàsì mọ́ títí dòní. Bísọ́dún, mo rí ọ níwájú níbẹ̀ yẹn. Ẹjọ́ rẹ kọ́, jókòó, ṣùgbọ́n láti òní lọ, mọ̀ ọ́n.

Lóṣù tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìta-Ògbólú. Ibi tó ti ń yan gàrí ni mo bá a, èéfín bo ojú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Kò pariwo. Ó ní ìyá òun kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àti pé títí tó fi kú, bí nǹkan bá sọnù nínú ilé, ojú òun ló kọ́kọ́ máa ń wò. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù kò lè gbọ́ mọ́, kí n lọ sọ ọ́ fún àwọn tó ṣì ń gbọ́. Ohun tó gbé mi wá síbí nìyẹn. Nímọ́tà Adébùsóyè kò jí ìdánwò wò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jẹ́ tíṣà, bí ọmọ bá mọ̀ ọ́n jù yín lọ, ẹ gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù ìjọba, ẹ máa bẹ̀rù rẹ̀ nínú ilé yín, ẹ má fi ọmọ aláìní ṣe asà.

Mo ti ń lọ kó tó pè mí padà. Kò wò mí, ó ń yan gàrí inú agbada lọ. Ó bi mí pé, “Ìbéèrè kẹrìnlá yẹn, ṣé mo gbà á?” Mo ní, “O gbà á, ọmọ mi.” Ó ní kí n má pe òun lọ́mọ mi.