Jíà Ló Kọ̀, Kì í Ṣe Màmá

Gbé omi ẹ kúrò níwájú mi, Morákinyọ̀, mi ò wá mu omi. Àga yẹn náà, mi ò jókòó. Ìwọ tí gbogbo Àgùdà ń pè ní ajẹ́ntì mọ́tò, tó o mọ ilé ẹni tó fẹ́ rà, tó o mọ ilé ẹni tó fẹ́ tà, ìwọ lo wá ń sọ fún mi pé o ò mọ ilé Victor? Ìwọ tó o fẹsẹ̀ ara ẹ mú un wá bá mi ní Mushin, tó o ní, "Àǹtí Àmúdàtù, èèyàn gidi ni o, ó fẹ́ ra mọ́tò òkú yín, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ kó lọ dán an wò." Ẹnu tó o fi sọ ọ́ nìyẹn.

Pè é. Pè é báyìí kí n gbọ́.

Kò gbé e? Á gbé e. Títí tó máa fi gbé e, mi ò kúrò níbí, wàá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí látòkè délẹ̀, torí ohun tó o rò ni pé Àmúdàtù ń bínú nítorí jíà. Jíà wo? Ṣé torí jíà ni àgbàlagbà obìnrin ṣe máa dúró lójúde ẹ kó máa pariwo báyìí?

Lóòótọ́, jíà ló kọ́kọ́ dùn mí. Mi ò ní parọ́. Mọ́tò tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, tí mo fi gbé bàbá tìẹ gan-an lọ sí itẹ́ òkú Àtàn, àbí o ti gbàgbé ni? Mọ́tò yẹn ò sáré rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ibo ló fẹ́ sáré lọ? Òkú kì í pẹ́ dé ibi tó ń lọ. Bándì á wà níwájú, àwọn ọmọ olóògbé á máa jó, mọ́tò á máa tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́, jíà kìíní, jíà kejì, ó tán. Bàbá mi a máa gbé ife omi sẹ́yìn mọ́tò nígbà tó ń kọ́ mi, bí omi bá ti dà sílẹ̀, ó di ká padà lọ bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ lo ń yọ mí lẹ́nu pé kí n tà á kí n ra òmíràn. Mo ní ó dáa. Victor jókòó sídìí ẹ̀, mo ní ká jọ lọ, ìwọ lo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó dá lọ, kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀." Mo gbà, torí èèyàn mi ni mo kà ẹ́ sí. Nígbà tó máa fi padà dé, mo wà nínú ilé, mo ń gbọ́ igbe, mo ní ta ló ń pa ewúrẹ́ lọ́sàn-án gangan. Jíà mi ló ń ké. Òórùn kílọ́ọ̀ṣì tó jóná gba gbogbo àdúgbò bí ẹni ń fi táyà sun pọ̀nmọ́. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Mummy, mọ́tò yín lágbára, àmọ́ mi ò rà á mọ́."

Kò rà á mọ́. Ṣé ó wá rà á tẹ́lẹ̀ ni? Ameenah ọmọ àbúrò mi ló fi fídíò ẹ̀ hàn mí lórí fóònù, òun rèé, wò ó. Wo ibi tó gbé e gbà lẹ́bàá Makoko, wo bó ṣe gùn ún bọ́ sórí afárá. Wo ọwọ́ ẹ̀. Mọ́tò ń lọ síwájú, ó fi jíà sí ríváàsì. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń ya á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé òkú ti pẹ́ síbi iṣẹ́. Gbogbo ayé ló ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ti rí i, àbí? Má wolẹ̀. O ti rí i, o panu mọ́.

Rárá, rárá, má bá mi sọ pé o máa ra jíà mìíràn fún mi. Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ owó? Roqeeb mẹkáníìkì mi ti lọ sí Ládípọ̀, ó ti gbé òmíràn sí i, mọ́tò ń rìn, òun ni mo wà débí. Ọ̀rọ̀ Lydia ni mo bá wá.

O mọ Lydia. Má sọ pé o ò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ọmọ Màmá Christianah, lẹ́yìn ọjà Tejúoṣó níbẹ̀. Òun ló ń wẹ Màmá nígbà tí Màmá ò lè dìde mọ́. Òun ló ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu, òun ló ń fọ aṣọ tó yẹ kí ọmọ bíbí inú máa fọ̀. Evelyn tó jẹ́ àkọ́bí, Kérésì dé Kérésì ló ń yọjú, á gbé bisikíìtì dání, á ya fọ́tò pẹ̀lú ìyá ẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Nígbà tí Màmá kú, ikú àgbà ni, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan.

Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìsìnkú yẹn fún mi kí Victor tó dé. Lẹ́yìn tó ti ba tèmi jẹ́ tán, Roqeeb yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní jíà ti fara pa, ó ní àfi kóun sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kóun tó mọ ibi tó dé. Mo ní wọ́n ti dá ọjọ́, òkú ti wà ní mọ́ṣúárì. Ó rọ òróró tuntun sí i, ó wà á yí àdúgbò ká, ó ní tí n bá ti rọra, á gbé wa dé Àtàn. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n ní kí òkú padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Àbí kí n lọ yá mọ́tò òkú ní ilé ta? Mi ò lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan orí ọmọ tára ẹ̀ ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fọwọ́ kan jíà yẹn.

À ń lọ. Bándì ń lù, wọ́n ń jó. A ti kọjá ọjà, a ti fẹ́ yà sí ọ̀nà Àtàn, ni jíà bá há. Kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo fà á, mo tì í, ó dúró gbagidi. Àwọn géńdé wá tì í látẹ̀yìn, táyà ò yí. Bándì bá dákẹ́.

O sì mọ̀ wá. Tí mọ́tò mìíràn bá dúró lójú ọ̀nà, a ó ní mẹkáníìkì dà. Tí mọ́tò òkú bá dúró, a ó ní òkú ló kọ̀, a ó ní ó lẹ́ni tó ń bínú sí. Evelyn ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Màmá kọ̀. Màmá ò lọ. Ẹni tó mọ ohun tóun ṣe fún Màmá, kó yáa tètè jáde." Kò dárúkọ ẹnì kankan. Ṣé ó tún yẹ kó dárúkọ? Gbogbo ojú ti yí sí ẹni tó ń se oúnjẹ Màmá.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo pariwo títí ohùn mi fi há, mo ní jíà ni o, ẹ wá wò ó, ẹnì kan ló bà á jẹ́ fún mi. Bàbá kan nínú ẹbí wọn ní kí n padà sídìí sìtíárì mi, ó ní kí ni ìyàwó yẹn fún mi jẹ.

Wọ́n fa Lydia wá sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n ní kó kúnlẹ̀. Pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, lórí ọ̀dà gbígbóná, lójú àwọn aláṣọ, lójú ọlọ́kadà, lójú àwọn tó ń ya fídíò. Ọkọ ẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń wo bàtà ara ẹ̀. Mo rí i nínú dígí, Morákinyọ̀, mo rí bó ṣe gbé ọwọ́ méjèèjì lé mọ́tò bàbá mi, tó ń sunkún, tó ní, "Màmá, tí mo bá ti ṣẹ̀ yín rí, ẹ dárí jì mí, ẹ máa lọ." Èmi ń bá jíà yẹn jà, omi ń bọ́ lójú mi, mo fi gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún mi fà á. Kàù. Eyín irin tó há sínú ẹ̀ ṣẹ́. Mọ́tò fò síwájú, ó sì ń lọ.

Àkókò yẹn náà ni o. "Ẹ máa lọ" ò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀ tán.

Ariwo tí wọ́n pa, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Wọ́n ń yin Ọlọ́run. Wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́, Màmá ti gbọ́. Bándì tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbé Màmá dé Àtàn pẹ̀lú jíà tó ń jẹ ara ẹ̀, èmi àti ẹni tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn mi nìkan la mọ̀ pé irọ́ ni.

Kí wọ́n tó ti ibojì dé, wọ́n ti kó ẹrù Lydia síta. Ọ̀dọ̀ àǹtí ẹ̀ ló wà ní Àgùdà níbí, kò jìnnà sí ibi tó o ti ń mu kóòkì yìí. Irun ló ń dì fáwọn èèyàn tẹ́lẹ̀. Ta ló fẹ́ gbé orí fún un mọ́? Àwọn ọmọ àdúgbò ti fún un lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Ẹ-Máa-Lọ. Tó bá bu omi fún àlejò, àlejò á ní òun ti mu omi wá látilé. Ọmọ tí ò pa ẹnikẹ́ni.

Jókòó o, mi ò tíì parí. Ṣé o rò pé mi ò lọ bá wọn ni? Mo gbé fídíò yìí lọ sílé wọn. Evelyn wò ó, ó ní AI ni, ó ní ayé òde òní, wọ́n lè ṣe é kí ajá máa ka Bíbélì. Mo mú Roqeeb lọ, wọ́n ní mẹkáníìkì mi ni, ohun tí mo bá ní kó sọ ló máa sọ. Ẹnì kan péré ló kù tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa wọ etí wọn, òun ni ẹni tó ṣe é. Ẹbí sì máa jókòó lónìí, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n fẹ́ sọ bóyá Lydia á padà sílé ọkọ ẹ̀ tàbí ó ti lọ náà nìyẹn. Lónìí, Morákinyọ̀. Kì í ṣe ọ̀la.

O ní ó máa wá bẹ̀bẹ̀? Ta ni kí Victor máa bẹ̀? Èmi kọ́ ló máa bẹ̀, mi ò sì ní dárí jì í. Mo lè ṣẹ́ èpè fún un, ẹnu mi mú, o mọ̀. Mo lè ní ẹsẹ̀ tó fi tẹ̀ ẹ́ ò ní sinmi láyé, ọwọ́ tó fi fà á ò ní rí nǹkan gidi dì mú. Àmọ́ èpè máa ń pẹ́ lọ́nà, ìpàdé ẹbí sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ni mo fẹ́. Ojú ọ̀nà Àtàn la máa kọ́kọ́ gbà, ibi tí Lydia kúnlẹ̀ sí ni òun náà máa kúnlẹ̀ sí, lójú àwọn aláṣọ kan náà, kí wọ́n ya tiẹ̀ náà kí wọ́n gbé e síta. Lẹ́yìn náà la máa wọ ilé lọ bá Evelyn. Wo inú láílọ́ọ̀nù yìí. Eyín jíà tí Roqeeb kó jáde nìyẹn, wò ó bó ṣe rún. Ó máa fẹnu kan irin yìí níwájú gbogbo wọn, ó máa sọ ohun tó fi mọ́tò mi ṣe, ó sì máa sọ pé Lydia ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀.

Ó máa ní Kìrìsìtẹ́nì lòun? Èmi náà Mùsùlùmí ni mí, mo ti kírun kí n tó jáde. Irin ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti ń jọ́sìn.

Tún un pè. Má sọ fún un pé èmi ni, ṣé ọmọdé ni ẹ́ ni? Sọ fún un pé o ní mọ́tò kan nílẹ̀ tó o fẹ́ kó wá dán wò. Bẹ́ẹ̀ ni. Fi ohùn tó o fi tàn mí jẹ yẹn sọ ọ́, ó mọ́ ẹ lẹ́nu.

Ó gbé e? Ẹ̀n-hẹ́n. Máa sọ ọ́. Sọ ọ́ dáadáa.

Ó ní òun ń bọ̀. Ó ní òun ò jìnnà. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn, òun ló fi ju kọ́kọ́rọ́ sí mi. Kó máa rín in bọ̀. Dìde, gbé fìlà ẹ, ìwọ náà ń lọ, ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí ìwọ lo mú un wá.

Kí lo fẹ́ lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú mọ́tò fún? O ò rí i pé èèyàn wà níbẹ̀ ni? Lydia nìyẹn. Kí i. Kí i dáadáa, kó gbọ́. Iwájú ló máa jókòó títí a ó fi dé ilé ọkọ ẹ̀, màá sì ṣí gíláàsì sílẹ̀.

Ẹ̀yìn ni tìẹ. Mo mọ̀ pé kò sí àga níbẹ̀. Màmá Christianah ò béèrè àga lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà ẹ́? Obìnrin yìí kúnlẹ̀ fún òkú tí ò ṣẹ̀, lórí ọ̀dà, lọ́sàn-án, ìwọ ò lè jókòó síbi tí òkú ti dìde? Ṣí i fúnra ẹ. Wọlé. Sún lọ sínú dáadáa, kí Victor náà lè rí ibi nà sí.