Gbèdéke Èké Tí Mo Kà Fún Ọ̀gá Mi

Ọ̀gá mi, èmi ni. Ẹ mọ ohùn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn ti sọ ọ́ di ti arúgbó. Mo ti ní kí ọmọ yín obìnrin gbé fóònù yìí sí yín létí, kó má sì pa á títí màá fi dákẹ́. Mo lè kọ ọ́ sínú ìwé o, ọwọ́ mi ṣì ń gbé bírò, ṣùgbọ́n ẹnìkan ni yóò tún kà á fún yín, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró láàárín wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tíì tó ogún ọdún, àmọ́ ayé ti ń tán lọ lọ́wọ́ mi. Dókítà ti ń fa ìyàwó mi sí kọ̀rọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, kò tún ń béèrè ibi tọ́rọ̀ dé. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ìkà ni mo ṣe yín.

Ẹ mọ ìdí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yín ń gbọ́, ẹ jẹ́ kóun náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni akáńtáǹtì ilé iṣẹ́ àga tí Màdáámù dá sílẹ̀, èmi ni igbákejì yín. Yàrá kan la jọ wà, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ pákó. Bí a bá ṣí i, lẹ́búlẹ́bú igi á bo tábìlì. Bí a bá tì í, ooru á fẹ́ pa wá. Iṣẹ́ yín ni kí ilé iṣẹ́ má pẹ́ ju gbèdéke àwọn agbowó-orí lọ. Ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ jábọ̀ ohun tó yọ lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìyẹn wà lọ́tọ̀. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa wá sọ èrè tó jẹ, ìyẹn náà wà lọ́tọ̀. Ẹ sọ gbogbo wọn lórúkọ bí ẹni sọ ọmọ. Ti agbanisíṣẹ́ ń jẹ́ Àkọ́bí, torí òun ló ń kọ́kọ́ dé bí ọdún bá yí. Ti èrè ilé iṣẹ́ ń jẹ́ Alágídí. Ti owó orí tí a ń san lóṣooṣù ń jẹ́ Ọmọ-ọwọ́, torí kì í dákẹ́ ẹkún. Bí ẹ bá wọlé láàárọ̀, ẹ ó ní, "Àkọ́bí ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?" Èmi á ní, "Ó kù díẹ̀ kó yó, sà." A ó sì rẹ́rìn-ín. Àwọn káfíńtà ń pè yín ní Bàbá Gbèdéke, torí ẹ ò pẹ́ lọ́dún kan rí.

Nígbà tó yá, ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Èmi nìkan ni mo mọ̀, lọ́jọ́ tí mo rí i pé ẹ ń fọwọ́ sí ẹ̀yìn ìwé tó ṣófo. Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ ní, "Dákun, má jẹ́ kí Màdáámù gbọ́. Akáńtáǹtì tí kò ríran, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ìwọ ni kó o máa jẹ́ ojú mi." Bí mo ṣe di ojú yín nìyẹn. Ohun tó bá wọlé, mo kà á. Ohun tí mo bá kà, ẹ gbà á sórí, kì í sì í jábọ́. Ẹ lè sọ gbèdéke ọdún mẹ́ta sẹ́yìn fún mi láìwo ibì kan. Ẹ ò rí mi o, bí mo ṣe ń wò yín nígbà yẹn. Ìlara ti wọ̀ mí lára.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹ sọ fún mi pé, "Tí Àkọ́bí bá ti lọ, màá lọ fẹnu ara mi sọ fún Màdáámù. Dókítà ní awọ lásán ló bo ojú, pé wọ́n lè ká a kúrò. Wàá bá mi jókòó sórí àga mi títí màá fi dé." Ọmọlúàbí ì bá yọ̀. Èmi ò yọ̀. "Títí màá fi dé" yẹn nìkan ló wọ̀ mí létí. Mo gbé e lọ bá ìyá tó ń mójú tó sítọ́ọ̀, ó sì pòṣé. Ó ní, "Bí bàbá yẹn bá tún gba ojú tuntun, wọn ò lọ mọ́ nìyẹn. Igbákejì lo máa kú sí, ọ̀rẹ́ mi. Ṣé torí àtimáa gbé báàgì ẹlòmíì ni wọ́n ṣe bí ẹ ni?" Mi ò dá a lẹ́bi. Òun ló sọ ọ́, èmi ni mo ṣe é.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìkéde dé láti ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-orí. Wọ́n ní àwọn ti ń gbé gbogbo nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà àwọn fa gbèdéke àwọn agbanisíṣẹ́ síwájú: kì í ṣe ìparí oṣù kìn-ín-ní mọ́, àárín oṣù ni. Mo kà á sínú. Ẹ gbọ́ pé mo dákẹ́, ẹ ní, "Kí ni wọ́n wí?" Mo ní, "Wọ́n kàn kí wa kú ọdún ni, sà. Gbèdéke wà bó ṣe wà." Ẹ ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. A láyè." Áà! Ẹ ní a láyè. Lọ́jọ́ tí àyè náà pin, ẹ jókòó síwájú mi, ẹ ń fimú kọrin, ẹ sì ní kí n wo orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun dáadáa kí ẹnikẹ́ni má ṣubú nínú Àkọ́bí. Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Àtubọ̀tán rẹ̀ le. Iṣẹ́ àga ilé ìwé kan wà nílẹ̀, àwọn tó fẹ́ gbé e fún wa sì ní dandan ni kí àwọn rí ìwé ẹ̀rí owó orí wa. Àwọn agbowó-orí ò fún wa. Wọ́n ní a ti pẹ́, wọ́n tún bu ìtanràn lé e. Iṣẹ́ bọ́, àwọn káfíńtà kan sì bá a lọ sílé. Màdáámù pe àwa méjèèjì. Wọ́n ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò rí ìkéde yẹn ni?" Bí ẹ bá sọ pé èmi ni mo kà á fún yín, àṣírí ojú yín tú. Ẹ fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ díẹ̀, ẹ ní, "Mo rí i, Màdáámù." Wọ́n yíjú sí mi: "Ìwọ ńkọ́, o ò rán wọn létí?" Mo ní, "Mo rán wọn létí, mà. Ọjọ́ orí ló dé, wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, kò tíì burú tó. Nígbà tí a padà dé yàrá wa, ẹ di etí tábìlì mú, ẹ rọra bi mí pé, "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o kà á fún mi?" Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo tì í. Mo ní, "Mo kà á fún yín, sà. Ẹ tiẹ̀ ní kí n tún un kà. Àbí ẹ ti gbàgbé?" Ẹ fọwọ́ lu orí yín, ẹ ní, "Ojú lọ, orí náà lọ." Ẹ sì bẹ̀ mí! Ẹ̀yin bẹ èmi, ẹ ní kí n má bínú pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kó mi sí wàhálà. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, sà." Bí ẹ ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sílé nìyẹn, tí ẹ ò dárúkọ iṣẹ́ abẹ mọ́. Èmi gorí àga. Ẹni tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Mi ò sùn gbádùn láti ìgbà náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ yín wá kí mi. Ó gbé ọsàn tí ẹ fi ránṣẹ́ wá, ó ní ẹ ní kò sí ẹni tó dúró tì yín bíi tèmi. Mo bi í bí ẹ ṣe ń ṣe. Ó ní, "Wọn ò gba orí ara wọn gbọ́ mọ́. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á tún bi mí bóyá àwọn ti jẹun. Dókítà ní ojú yẹn ṣì ṣeé ṣe, àmọ́ bàbá ní kí làwọn fẹ́ fi ojú ṣe nígbà tí orí ti lọ." Ọsàn náà ń wò mí, mi ò lè bó o. Mo ránṣẹ́ pe Màdáámù, mo ka gbogbo ohun tí mo ṣe fún wọn. Wọn ò jókòó. Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì jáde.

Kí ọmọ yín tó ń gbọ́ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀gá wọn ń gbára lé, kí wọ́n má gbọ̀nà ẹ̀bùrú gorí àga ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹ̀kọ́ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Bàbá, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bínú, mo mọ ohun tí mo jẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ojú yín. Mi ò ka gbèdéke yẹn fún yín rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò ní kí n tún un kà. Kò sí ohun tí ẹ gbàgbé. Orí yín pé lọ́jọ́ náà, ó sì pé lónìí.