Òróró Tí Mo Fi Pa Bẹ́líìtì Mojísọ́lá

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé orúkọ Jésù ga! Halelúyà! Ó tún kéré o, ẹ jẹ́ kó dé orí àpáta lọ́hùn-ún. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n fi aṣọ ọ̀fọ̀ pààrọ̀ aṣọ funfun tó wà lọ́rùn mi yìí, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ Mojísọ́lá ọmọ mi, tó máa ń lé orin fún àwọn ọ̀dọ́. Òun nìkan ni mo bí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nínú ìjọ yìí mọ bí bàbá rẹ̀ ṣe lọ. Ó gun ọ̀pẹ lóko wa, igbà tó fi gùn ún já, ó sì ré lulẹ̀. Látọjọ́ náà, tí mo bá ti rí okùn lára èèyàn, àyà mi á là gààrà. Oko yẹn gan-an, mi ò dé ibẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń bá wa ṣe kòkó níbẹ̀ ló ń gbé e wá bá mi nílé.

Nígbà tí Mojísọ́lá sọ pé òun ríṣẹ́ sórí òkè, mo yọ̀, mo jó. Mo rò pé àwọn tó ń mú àlejò gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè ló fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Àṣé sípláìnì ni! Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n, okùn irin ni wọ́n ta láti orí àpáta kan sí òmíràn, àfonífojì ńlá sì wà láàárín. Wọ́n á wá fi bẹ́líìtì so èèyàn rọ̀ mọ́ ọn, á máa sáré lọ lókè igbó bí ẹyẹ. Wọ́n ní àwọn èèyàn á máa sanwó fún un. Mo ní, kí ni wọ́n jẹ yó? Wọ́n tún ní kí wọ́n tó ṣí i, àwọn òṣìṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ gbà á kọjá, Mojísọ́lá ni yóò sì ṣáájú.

Mo ní láéláé! Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú.

"Màámi, ẹ̀rù ló ti ń bá yín tọ́ mi látọjọ́ tí bàbá mi ti kú. Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi."

Mo fà á dìde, mo ní kó máa lọ.

Ó máa ń gbé bẹ́líìtì náà wálé kó lè máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ ọn lára. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó máa gba okùn náà kọjá, mo wẹ̀, mo wọ sùtánà mi, mo bọ́ bàtà, mo ka sáàmù. Mo wá bu òróró àdúrà sọ́wọ́, mo fi pa bẹ́líìtì náà láti èjìká dé itan. Bí mo ṣe ń pa á, omijé ń bọ́ lójú mi, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa ń pa Mojísọ́lá lára nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ igbe. "Yéè! Màámi, ta ló da òróró sí i?" Àṣé òróró ò gbọ́dọ̀ kan nǹkan náà rárá! Wọ́n ní ó máa ń yọ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí. Ọmọ mi ò bú mi. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó mú àkísà àti omi ọṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ó nù ún, ó nù ún, nígbà tó nù ún dé inú ibi tí wọ́n ṣẹ́ po lẹ́yìn èjìká, àkísà há.

Ẹ̀yin ará, eku ti jẹ ẹ́! Ní àná ọjọ́ náà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbi iṣẹ́, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, fọ́nrán díẹ̀ ló kù tó dì í mú. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ pé òróró mi ló fa eku, kó jọ̀ọ́ jókòó jẹ́ẹ́. Ibi tí òróró ò dé ni eku ti jẹ ẹ́! Ṣùgbọ́n òróró náà ló jẹ́ ká débẹ̀. Ta ló ṣe é? Jésù ni!

Wọ́n fún un ní òmíràn. Mo lọ dúró sórí àpáta kejì, ẹsẹ̀ lásán, mo di ojú mi pinpin. Mo gbọ́ tí okùn ń dún ṣììì, mo ń pe Jésù, Jésù, títí ẹnì kan fi dì mọ́ mi.

"Màámi, ẹ lajú. Mo rí oko bàbá mi látòkè. Ọ̀pẹ yẹn ṣì wà níbẹ̀." Ó wá rọra sọ pé, "Màámi, ó kéré."

Ọ̀pẹ tó ti ga lójú mi látọjọ́ yìí wá!

Ẹ̀yin ará, lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ mi jọ lọ sóko. Mojísọ́lá ra igbà tuntun, ó tún fi bẹ́líìtì kún un, ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gun ọ̀pẹ náà. Mo dúró nísàlẹ̀, mo ń wò ó. Mi ò di ojú mi.

Epo tó wà níwájú pẹpẹ yìí, orí ọ̀pẹ náà ni ẹyìn rẹ̀ ti wá. Ẹ gbà á, ẹ fi se ọbẹ̀, kí gbogbo ìjọ jẹ níbẹ̀. Ẹ bá mi yọ̀!