Orin Kaboi Tí Bàbá Ń Fi Súfèé Kọ

Ìlà tí a tò nílé oògùn kan ní Ojúẹlẹ́gba kò sún, ni mo bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan àti ọmọbìnrin tó dàgbà nínú ilé wọn.

"Màmá, ṣé Bàbá ti ń sọ̀rọ̀?"

"Rárá. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n, súfèé nìkan ni wọ́n lè ṣe. Orin fíìmù kaboi tí wọ́n fi ń pè mí jáde ní Mushin nígbà tá à ń fẹ́ra, òun náà ni wọ́n tún fi ń pè mí báyìí."

"Tó bá di alẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń nà wá pé súfèé alẹ́ ń pe ejò."

"Kí ejò náà máa bọ̀. A ó jọ gbọ́ súfèé wọn ni."