Èmi Ni Kò Jẹ́ Kí Wòlíì Jẹ Iyán Ìgèdè

Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní Adó-Èkìtì kí n tó fẹ̀yìn tì, n kì í sì í ṣe ẹni tí ń kó ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n obìnrin kan sunkún níwájú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, oorun ò sì kùn mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Ìyá mi ta epo pupa ní Ọjà Ọba títí orí rẹ̀ fi funfun. Wòlíì kan wá ṣe ìsọjí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ó na ìka sí ìyá mi láàárín èrò, ó ní àjẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ń gbé e lọ, ó ń gbé e bọ̀, títí ó fi kú. Wòlíì kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó bí ọmọ.

Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́. Mo wọ ìjọ Wòlíì, mo wọ aṣọ funfun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Ẹ jọ̀ọ́, n kò rí ìran kankan rí. Ṣùgbọ́n mo mọ Bíbélì ju Wòlíì lọ, mo sì mọ bí a ti ń pa ohùn dà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Aríran.

Nígbà tí Wòlíì fẹ́ di sẹ́nétọ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú mi. "Màmá, kí ni Olúwa wí?"

Mo di ojú, mo gbọ̀n díẹ̀. Mo ní, "Ìránṣẹ́ mi, ipò náà ti di tìrẹ. Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan oúnjẹ nílé ẹnikẹ́ni títí ìwọ yóò fi dé ibẹ̀."

Ọmọ Èkìtì tó bá ń ka èyí ti mọ ohun tí mo ṣe.

Ní Ìgbẹmọ, wọ́n se ìrẹsì oko wọn, kò tọ́ ọ wò. Ní Ìgèdè, ìlú ìyàwó rẹ̀, àwọn àna rẹ̀ gúnyán, wọ́n pa àgbò. Ó ní òun ń gbààwẹ̀.

Bàbá àgbà kan dìde. "Ààwẹ̀ kẹ̀? Ṣé a fi májèlé sí i ni? Ẹ gbé e kúrò níwájú rẹ̀ o! Ẹni tí kò lè gbé iyán wa mì, ìbò wa á há a lọ́fun."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, mo jẹ tèmi. Iyán náà kúnná.

Ó fìdí rẹmi. Mo ní ààwẹ̀ rẹ̀ ló lábùkù, ó sì gbà mí gbọ́. Ó tún gbé àpótí, mo tún ríran bákan náà, ó tún fìdí rẹmi. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri Adó. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Ohun tí àwọn alátakò rẹ̀ kò lè fi ariwo ṣe, gbólóhùn kan ni mo fi ṣe é. Mo ṣì ń fi yangàn.

Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Mo kọ́ ọ nílé-ìwé, kò ṣẹ̀ mí rí. Bàbá rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá, àwọn ẹbí rẹ̀ kò jẹ́ kó bá wọn dáná. Wọ́n ní, "Ṣebí ẹ kì í jẹun ulé wa? Máa lọ s'Ádó."

Òun ló wá sunkún níwájú mi. "Màmá, Wòlíì tún fẹ́ gbé àpótí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Olúwa kó jẹ́ kí ọkọ mi jẹ iyán lọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi."

Bí mo bá ní kó jẹun, obìnrin náà á rí ẹbí rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn lè wọlé. Bí mo bá dákẹ́, ohun tí ọkọ rẹ̀ fojú ìyá mi rí ni èmi náà ń fojú rẹ̀ rí. Bí mo bá jẹ́wọ́ níjọ, wọn á pe èmi náà ní àjẹ́, Wòlíì á sì ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni Wòlíì yóò tún wá kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ? Ẹ má ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Wòlíì, n kò ní ṣe é. Ọmọ Ìgèdè yẹn nìkan ni mo bẹ̀. Bó bá ń ka èyí, kó dárí jì mí, kó sì mọ̀ pé epo ni ìyá mi ń tà. Kò pa ẹnikẹ́ni.