Ewé Tí Kò Sí ní Oríta Ògùdù

[Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọdún 1956. Láti ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Bárígà sí ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn. Láìnì ń han.]

ỌPERÉTỌ̀: Ìbàdàn ti gbé e, madam. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ ní. Ẹ máa sọ̀rọ̀.

LEAH: Hẹ́lò? Bọ̀ọ̀dá Bọ́dúndé?

BỌ́DÚNDÉ: Hẹ́lò. Ta nìyẹn?

LEAH: Leah ni, ìyàwó Japhet. Ẹ káàárọ̀ sà.

BỌ́DÚNDÉ: Áà, ìyàwó wa. Káàárọ̀. Ẹ kú àmúmọ́ra o. Rebecca ọmọ wa ńkọ́?

LEAH: Ó wà ní kíláàsì. A dúpẹ́. Ìyá Japhet ṣì wà lọ́dọ̀ wa, wọn ò tíì padà sídìí ẹja wọn ní Ìlàjẹ.

BỌ́DÚNDÉ: Olúwa á tù wọ́n nínú. Ṣé nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ní ìsìn ìrántí Japhet lo ṣe pè? Mo ti kọ ọ́ tán. Pépà mẹ́ta ni. Ọjọ́ tí ìròyìn dé gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, bí mo ṣe wọlé bá ọ—

LEAH: Ẹ ò wọlé.

BỌ́DÚNDÉ: Ẹ̀n?

LEAH: Ẹnu ọ̀nà lẹ dúró sí. Mò ń ṣa ìrẹsì. Kílíìpù kẹ̀kẹ́ ṣì wà lẹ́nu ṣòkòtò yín. Ẹ ní, “Leah, gbé àwo yẹn sílẹ̀ ná.”

BỌ́DÚNDÉ: Mo rántí.

LEAH: Látọjọ́ náà, Rebecca ló ń bá mi ṣa ìrẹsì. [Láìnì ń kùn.] Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BỌ́DÚNDÉ: Mo gbọ́. Máa wí.

LEAH: Nǹkan kékeré kan ni mo fẹ́ bi yín. Àwọn ife yẹn.

BỌ́DÚNDÉ: Ife wo?

LEAH: Ife tánganran méjì tí ẹ fi ń mu kọfí. Tiyín ẹlẹ́nu pupa, tirẹ̀ ẹlẹ́nu búlúù. Mo fẹ́ gbé tirẹ̀ sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

BỌ́DÚNDÉ: Há, ìyẹn ò le. Wọ́n wà nínú báàgì kẹ̀kẹ́ mi, àwọn àti fíláàsì. Màá mú u bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

LEAH: Ẹlẹ́nu búlúù náà?

BỌ́DÚNDÉ: Méjèèjì.

LEAH: Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́?

BỌ́DÚNDÉ: Kí ni mo fẹ́ fọ̀ níbẹ̀? Ta ló fi mu nǹkan? Lọ́jọ́ tó kú, mo jókòó dè é lábẹ́ igi ìyeyè títí oòrùn fi mú. Mi ò fẹnu kan kọfí. O mọ òfin wa: ẹni tó kọ́kọ́ dé ò gbọdọ̀ mu, àfi tí èkejì bá dé.

LEAH: Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mò ń sè é. Á jókòó ti ààrò, á ní, “Leah, jẹ́ kó dúdú bí aró, àyà mi ló ń là.”

BỌ́DÚNDÉ: Ọ̀rẹ́ mi àtàtà.

LEAH: Munirat wá sílé lánàá.

BỌ́DÚNDÉ: Munirat wo?

LEAH: Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń dáko ní oríta Ògùdù. Àwọn tí ẹ̀ ń pè ní Ìyá Oníbodè.

[Láìnì ń han.]

LEAH: Wọ́n fi ewé wé nǹkan kan wá fún mi. Wọ́n ní nǹkan òkú ò lè sùn lọ́dọ̀ àwọn mọ́. Ó wà níwájú mi báyìí. Ẹ gbọ́.

[Ìró ìka lára ife tánganran, ẹ̀ẹ̀mejì.]

LEAH: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BỌ́DÚNDÉ: Mo gbọ́.

LEAH: Ìdí igi ìyeyè ni wọ́n ti rí i. Kọfí ṣì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó dé àkẹtẹ̀ funfun ló ń fi í mu, ẹ sì jọ ń rẹ́rìn-ín. Ta ni?

BỌ́DÚNDÉ: Leah, Munirat ti dàgbà, ojú ẹ̀—

LEAH: Ta ni, Bọ̀ọ̀dá?

BỌ́DÚNDÉ: Ọ̀gá mi ni. Mr. Adéníjì. Wọ́n gbọ́ tí mò ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, kẹ̀kẹ́ òwúrọ̀, kọfí abẹ́ igi. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ tẹ̀lé mi. Ṣé mo lè ní kí wọ́n má wá?

LEAH: Japhet ì bá fún wọn ní ife ẹ̀ fúnra ẹ̀.

BỌ́DÚNDÉ: Mo mọ̀.

LEAH: Kí ló wá dé?

BỌ́DÚNDÉ: Onípanu la ti pàdé wọn. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ Japhet ń ké. Ṣòkòtò ẹ̀ tí o lẹ̀ lórúnkún yẹn ló wọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ọ̀gá bí bàbá ẹ̀ ṣe ń da àwọ̀n. Ọ̀gá wò mí. Wọ́n wo ṣòkòtò ẹ̀. Wọ́n tún wò mí.

LEAH: Ojú ẹ̀ tì yín.

BỌ́DÚNDÉ: Leah—

LEAH: Japhet. Ojú ẹ̀ tì yín.

BỌ́DÚNDÉ: Mo sáré díẹ̀. Ọ̀gá náà sáré. Mo rò pé tó bá rẹ Japhet, á yà padà sílé.

LEAH: Transfer Ìbàdàn yìí, ṣé ife yẹn lẹ fi gbà á?

[Bọ́dúndé wúkọ́.]

LEAH: Ewé ńkọ́?

BỌ́DÚNDÉ: Ewé kẹ̀?

LEAH: Ẹni iwájú ló ń yan ibi tí ẹ ti máa mu kọfí, abẹ́ igi tàbí etí ọ̀sà. Tó bá dé oríta, á já ewé tútù, á gbé e sójú ọ̀nà tí kò gbà, kí ẹni ẹ̀yìn má baà ṣìnà. Ọdún mẹ́rin, Munirat ní kò sí Sátidé tí àwọn ò rí ewé yín. Lọ́jọ́ náà, kò sí ewé. Wọ́n ní ipa táyà kẹ̀kẹ́ Japhet yí oríta po lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó gba ọ̀nà ọ̀sà lọ.

BỌ́DÚNDÉ: Mi ò mọ̀ pé ó ṣì ń bọ̀. Láìnì ń já, Leah, ṣé o gbọ́ mi?

LEAH: Mo gbọ́ yín dáadáa. Àwọn apẹja rí i nínú ẹrẹ̀, ó di àyà mú. Wọ́n ní ó ṣì ń mí. Dìsìpẹ́ńsà tó ń fún un lóògùn ló ní kó máa mu kọfí gbígbóná tí àyà ẹ̀ bá fẹ́ dí. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ó máa bá a gbé fíláàsì, kó má baà wúwo fún un.

BỌ́DÚNDÉ: Mo bẹ̀ ọ́.

ỌPERÉTỌ̀: Ó ku ìṣẹ́jú kan, madam.

LEAH: Ẹ ṣeun, sà. Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti sọ fún ìyá ẹ̀ pé Japhet ní kí ẹ máa lọ. Pé ó juwọ́ sí yín. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á ní báyìí ló ṣe juwọ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀.

BỌ́DÚNDÉ: Ṣé kí n má wá mọ́?

LEAH: Ẹ wá. Ẹ fi pépà mẹ́ta yẹn sílẹ̀. Ẹ jókòó ti ìyá ẹ̀, kí ẹ sọ pé kò juwọ́.

BỌ́DÚNDÉ: Á pa wọ́n.

LEAH: Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ti sin. Kò ní pa wọ́n.

BỌ́DÚNDÉ: Leah, kí ni kí n ṣe fún Japhet?

LEAH: Kí ẹ tó wọ Bárígà, ẹ kọ́kọ́ yà sí oríta. Ẹ mọ ohun tí ẹ máa já.

[Ìró ìdérí kẹ́tùrù.]

BỌ́DÚNDÉ: Kí nìyẹn?

LEAH: Kọfí. Mo sè é láàárọ̀ yìí. Ó dúdú.

[Ìró kọfí tó ń ṣàn sínú ife tánganran, díẹ̀díẹ̀.]

BỌ́DÚNDÉ: Leah, ṣé ò ń mu ún ni?

LEAH: Rárá. Ẹnì kejì ò tíì dé.

BỌ́DÚNDÉ: Leah, jọ̀ọ́, màá gba oríta, màá— ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o—

[Kọfí ṣì ń ṣàn. Láìnì já.]