Èmi Ni Mo Fi Ọ̀nà Ẹ̀yìn Oko Han Aṣọ́bodè

Dókítà ti sọ pé ọkàn mi kò lè ṣiṣẹ́ pẹ́ mọ́, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bá mi wọlẹ̀. Èmi Adégbóyè, tíṣà fisíìsì tó ti fẹ̀yìn tì ní Òkè-Ọ̀dàn, èmi ni mo fi ọ̀nà ẹ̀yìn oko han àwọn aṣọ́bodè lọ́dún tí wọ́n ti bodè pa. Kì í ṣe Ọdẹkúnlé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yangàn díẹ̀, ìwà mi ni. Àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan wà lọ́nà jíjìn réré tó ń tú ìgbì rédíò jáde tọ̀sán tòru. Mo ta wáyà sórí ọparun méjìlá láàárín ẹ̀gẹ́ mi, mo so ó mọ́ rédíò tí mo fọwọ́ ara mi tò, kí n lè gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ta ló tún dán irú rẹ̀ wò ní gbogbo Yewa? Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ti bodè, àwọn ọlọ́kadà tó ń kó ìrẹsì sá kúrò lójú títì, wọ́n ń gba ẹ̀yìn oko mi. Iná pílọ́ọ̀gì ọ̀kadà a máa pariwo sínú rédíò. Mo bẹ Bàrúwà, àbúrò ìyàwó mi tó jẹ́ ọ̀gá wọn, pé kí wọ́n yà fún mi lọ́sàn-án, nígbà tí ìràwọ̀ mi ń kọjá lókè. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìràwọ̀ ló máa bọ́ àwọn ọmọ mi?"

Ẹ̀rín yẹn dùn mí. Mo lọ sí Ìlaròó, mo ya ọ̀nà náà sínú ìwé fún aṣọ́bodè kan. Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú Bàrúwà, ó sì lo oṣù mẹ́jọ lẹ́wọ̀n. Oko dákẹ́. Ohùn ìràwọ̀ náà wọlé, ṣúúú, bí ẹni ń ku èlùbọ́. Ojoojúmọ́ ló ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin tètè dé ju tàná lọ, bí ohun ojú ọ̀run ti í ṣe. Ariwo ayé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ìràwọ̀ ni. Mo sunkún ayọ̀, èmi ọ̀dàlẹ̀ yìí.

Èyí tó burú jù ló kù. Ìyàwó mi bi mí pé, "Bàbá Ọlámipọ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń wà lóko. Ta ló tú wọn fó?" Mo ní Ọdẹkúnlé ni, aládùúgbò oko mi, pé mo rí i pẹ̀lú aṣọ́bodè. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ọlọ́kadà, wọ́n dáná sun oko rẹ̀. Ó kó lọ sí Agosasa, ibẹ̀ ló kú sí.

Ẹ̀yin ọmọ Ọdẹkúnlé, ẹ foríjì mí, ẹ wá gba oko mi. Mo gbọ́ ohùn ìràwọ̀ lóòótọ́, n kò sì ní sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bàbá yín kò ṣẹ̀ mí. Bàrúwà ló ń fi ọ̀kadà gbé mi lọ ọsibítù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó wà níta báyìí, ó ń dúró dè mí. Kí n tó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, màá fún un ní ìwé yìí kó kà á. Tó bá fi mí sílẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má bá a wí.